Ẹ Má Tíì Jáwọ́ Nínú Búrẹ́dì: Ọ̀rọ̀ Lórí Àyẹ̀wò Àìsàn Coeliac

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ jọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè létí, ṣùgbọ́n láti ojú pópó Adó-Èkìtì yìí gan-an ni mo ti fẹ́ mú un. Ẹni tó bá gba Fájuyì kọjá lówùúrọ̀, tó gba Òkèsà bọ́ sí Ìjigbó, yóò rí i pé búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ fi ń ṣínu. Bí kò bá jẹ́ búrẹ́dì, á jẹ́ Indomie, tàbí púfupúfù, tàbí mítì páì. Bó bá di alẹ́, sẹ̀mó ti gba ipò iyán nínú ilé tí kò ti sí ẹni tí yóò gún un. Àlìkámà ni ìyá gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kan sì ti ń tàn ká láàárín wa báyìí pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní gluten wà nínú àlìkámà tó ń ba inú jẹ́, pé kí ẹni tí inú rẹ̀ bá ń kùn yáa jáwọ́ nínú búrẹ́dì. Àwọn mìíràn ti jáwọ́. Mo wá sọ lónìí pé wọ́n yára jù. Ẹni tó bá fura pé oúnjẹ àlìkámà ń bá òun jà, àyẹ̀wò ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, kó sì ṣe é nígbà tó ṣì ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Gluten ni èròjà tó ń mú kí ìyẹ̀fun àlìkámà fà nígbà tí a bá pò ó mọ́ omi. Òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú, kó sì rọ̀. Ó wà nínú àlìkámà, ó wà nínú ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe bíà àti mọ́ọ̀tì, ó sì wà nínú ọkà ráì. Kò sí nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà kankan. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé, bí gluten bá ti wọnú wọn, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà yóò ṣìnà, yóò kọjú ìjà sí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ìfun yìí kò rí bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí inú rọ́bà: ẹran wẹ́wẹ́ tín-ín-rín ló hù bò ó, àwọn ni wọ́n sì ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjà náà bá pẹ́, ẹran wẹ́wẹ́ wọ̀nyí a jẹ tán dé ìdí, ojú ìfun a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni náà ń jẹun, ara rẹ̀ kò rí oúnjẹ gbà. Èyí ni wọ́n ń pè ní àìsàn coeliac. Ó ń tọ ìdílé: ẹni tí kò bá ní ọ̀kankan nínú àbùdá méjì tí wọ́n ń pè ní HLA-DQ2 àti HLA-DQ8, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí àìsàn náà tó mú un. Níní àbùdá náà nìkan kò sì tó. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Yúróòpù ló ní in, síbẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà ń mú.

Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àlìkámà ló fà á ṣe pàtàkì sí ohun tí mo ń sọ. Ní 1888 ni Samuel Gee, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ àpèjúwe àìsàn náà sílẹ̀ kedere: ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, tó rọ̀, tó ń rùn, tí ikùn rẹ̀ yọ síta tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Gee gbà pé láti ara oúnjẹ ni ìwòsàn yóò ti wá, àmọ́ kò mọ oúnjẹ tó ń fà á. Ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Willem Dicke, dókítà ọmọdé ní ìlú The Hague lórílẹ̀-èdè Netherlands, ti ń fura sí àlìkámà láti àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ogun dá ìyàn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di àwátì, ìfura rẹ̀ túbọ̀ lágbára. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí nìyí: Dicke kò dúró lórí ìfura. Ó fún àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà ní àlìkámà, ó gbà á lẹ́nu wọn, ó tún fún wọn padà, ó sì ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀rá inú ìgbẹ́ wọn láti mọ oúnjẹ tí ìfun kò rí gbà. Ní 1950 ló kó ẹ̀rí yìí sínú ìwé tó fi gboyè dókítà ní Utrecht. Bí ẹni tó ṣàwárí ọ̀rọ̀ náà kò bá gbára lé ohun tó ń rò lọ́kàn, kí ló dé tí àwa yóò fi gbára lé tiwa?

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín ni pé àìsàn òyìnbó ni èyí, kò kan Èkìtì. Àtakò náà ní ìwọ̀n òtítọ́ nínú. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ni àwọn baba wa jẹ dàgbà. Àìsàn tó jẹ́ pé àlìkámà ni ń dá a sílẹ̀ kò lè fara hàn níbi tí kò ti sí àlìkámà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó ní nǹkan bí 1921, òwò náà gbilẹ̀ débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, a kò lè fara dà á. Òfin náà kò ré kọjá 1992. Ní 1988, nígbà tí òfin náà ṣì wà nílẹ̀, ni Indomie ti dé. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ di ohun tí ọmọ ọdún méjì ń sunkún fún. Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn Sahrawi, tí wọ́n ń gbé àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi lórílẹ̀-èdè Algeria. Wàrà àti ẹran ràkúnmí wà lára oúnjẹ àbáláyé wọn. Àlìkámà ni ó wá pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ nísinsìnyí. Ní 1999, Carlo Catassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé ọmọ márùn-ún sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àìsàn coeliac, èyí tó ju ti Yúróòpù lọ dáadáa. Ilẹ̀ Áfíríkà kan náà ni wọ́n wà. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní Èkìtì. Ó ṣeé ṣe kó ṣọ̀wọ́n láàárín wa gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé awọ ara ènìyàn kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ ló lè dáhùn.

Àti pé bí àìsàn náà bá ṣọ̀wọ́n, ìdí púpọ̀ sí i nìyẹn tó fi yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò dípò kí a máa méfò, nítorí pé ohun mìíràn ló máa ń jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ àárọ̀ kan dáadáa. Obìnrin kan pò tíì sínú kọ́ọ̀bù ńlá, ó da mílíìkì inú agolo sí i títí ó fi di aláwọ̀ ìyeyè, ó fi ìdajì búrẹ́dì jẹ ẹ́. Kò tó wákàtí méjì, inú rẹ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ, afẹ́fẹ́ kún un, ó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó dá búrẹ́dì lẹ́bi, nítorí òun ló gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1971, Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú Olikoye Ransome-Kuti tó ń kọ́ni nígbà náà ní Yunifásítì Èkó, tó sì di mínísítà ètò ìlera ní 1985, àti àwọn mìíràn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí bí ìfun àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń gba ṣúgà inú wàrà. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Yorùbá àti Ìgbò tó ti dàgbà tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè dà á nínú, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Àbùdá ni. Kò sí àìsàn níbẹ̀: ọmọ ọwọ́ gbogbo ló ń da ṣúgà yìí nínú, agbára náà a sì máa dín kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn ìgbà ọmọ ọwọ́. Wàràkàṣì kì í sábà yọ ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ torí omi tí wọ́n ń sẹ́ kúrò lára rẹ̀ ló ń gbé púpọ̀ nínú ṣúgà náà lọ. Obìnrin yìí lè fi búrẹ́dì sílẹ̀ títí ayé, kó máa mu tíì rẹ̀ lọ, kí inú rẹ̀ sì máa kùn lọ. Ìwádìí yìí ni ó yẹ kí gbogbo oníṣègùn Èkìtì kọ́kọ́ rántí nígbà tí aláìsàn bá wá sọ pé búrẹ́dì ń da òun láàmú.

Wàrà nìkan kọ́. Kòkòrò giardia inú omi kànga, aràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ìfun, kòkòrò HIV tí a kò tíì mọ̀ pé ó wà lára, ọgbẹ́ inú, gbogbo wọn lè mú kí ènìyàn máa yàgbẹ́ gbuuru, tàbí kó máa rù, tàbí kí ikùn rẹ̀ máa wú. Ní ọ̀dọ̀ wa, orúkọ méjì ni gbogbo èyí sábà máa ń gbà: jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àkọ́kọ́, agbo ni; èkejì, àyẹ̀wò Widal, tí àwọn onímọ̀ ti ń kìlọ̀ fún wa tipẹ́ pé ó máa ń pe ohun tí kì í ṣe ibà jẹ̀funjẹ̀fun ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. N kò fẹ́ kí gluten wá di orúkọ kẹta nínú ìdílé yìí. Dókítà tó bá mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ wò, yóò ṣe àyẹ̀wò HIV àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ bó bá yẹ, yóò béèrè nípa mílíìkì, lẹ́yìn náà ni yóò wá yà sí coeliac.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò coeliac fúnra rẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà lápá. Wọ́n ń wá inú rẹ̀ fún ohun ìjà kan tí ara ṣe lòdì sí èròjà tó ń jẹ́ tissue transglutaminase. Láti 1997 ni wọ́n ti mọ̀ pé òun ni ara ń dojú ìjà kọ. Wọ́n á tún wọn àpapọ̀ ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní IgA, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe IgA tó. Bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n, èsì irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jáde pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí nǹkan wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ó ṣeé ṣe, dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, á ja ẹran kín-ún kín-ún mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹni tó mọ ẹran ara wò ó lábẹ́ awò kí ó lè mọ̀ bóyá ẹran wẹ́wẹ́ inú ìfun ti tẹ́. Gbogbo ẹ̀rí yìí ń wà níwọ̀n ìgbà tí gluten bá ń wọlé. Bí ènìyàn bá ti jáwọ́ nínú búrẹ́dì fún oṣù bíi mélòó kan, ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í san, èsì sì lè sọ pé kò sí àìsàn. Ìdí nìyẹn tí àjọ NICE, tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sọ pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò máa jẹ gluten nínú oúnjẹ tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lẹ́yìn tó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí lè le bí ìyà. Ìyà tí kò pọn dandan ni, ká ní ó ti ṣe àyẹ̀wò ṣáájú.

Ẹnì kan yóò bi mí pé: bí mo bá fi búrẹ́dì sílẹ̀, tí ara mi sì yá, ṣé ẹ̀rí kò tíì tó ni? Kò tó. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Oslo kó ènìyàn 59 jọ tí wọ́n gbà pé gluten ń da àwọn láàmú ṣùgbọ́n tí wọn kò ní coeliac. Wọ́n fi gluten sínú oúnjẹ wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, fructan ní òmíràn, wọn kò sì fi ọ̀kankan sí i ní ẹ̀kẹta, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Fructan ló yọ wọ́n lẹ́nu jù. Ṣúgà kan ni fructan, ó wà nínú àlìkámà, ó sì wà nínú àlùbọ́sà àti áyù. Ẹni tó fi búrẹ́dì sílẹ̀ tí ara rẹ̀ sì yá lè jẹ́ pé fructan ló sá fún, tàbí mílíìkì inú tíì, tàbí pé ó kàn dín oúnjẹ ọ̀sán kù. Ara yíyá dára, mo bá a yọ̀. Àmọ́ kò sọ ohun tó mú un yá, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì tóbi. Ẹni tí fructan ń dà láàmú lè jẹ búrẹ́dì díẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, kó sì farada ìkùn inú. Ẹni tó ní coeliac kò gbọ́dọ̀ jẹ òkèlè sẹ̀mó kan títí tí yóò fi kú, nítorí bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ kùn, ìfun rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ: ẹ̀jẹ̀ á máa dín, egungun á máa gbó, ó sì lè di jẹjẹrẹ inú ìfun lára àwọn díẹ̀. Àṣẹ tó le tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn fi ìméfò pa fún ara rẹ̀. Ní Èkìtì, a ti mọ irú èyí nínú ọ̀rọ̀ jẹ́nótáípù. Kò sí ìjọ tí yóò wo ojú ọmọkùnrin kan kó sọ pé ó jọ AA, kí ó sì so ó pọ̀ mọ́ ìyàwó. Ìwé àyẹ̀wò ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ owó kù, ó sì wúwo. Àyẹ̀wò náà kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé àyẹ̀wò àdúgbò ń ṣe, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á ní láti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí gbogbo wa lọ ṣe é. Àwọn tó yẹ kí ó kàn kò pọ̀: ọmọ tí kò ga, tí kò tóbi, tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ kò dá lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú aràn àti giardia, àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tó ti lo oògùn ayọ́n fún oṣù pípẹ́ tí kò gbà, ẹni tí ara rẹ̀ ń yún pẹ̀lú ròrò omi ní ìgúnpá àti orúnkún, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti ìkẹyìn yìí. Ní Adó yìí, ìmọ̀ràn tí oní-àtọ̀gbẹ máa ń gbọ́ ni pé kó fi iyán sílẹ̀, kó lọ ra àlìkámà, kó lọ̀ ọ́, kó máa rò ó bí ọkà. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú kejì, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní irú kìíní wà lára àwọn tí coeliac máa ń mú ju ẹlòmíràn lọ, oúnjẹ tí a sì ń fún wọn bí oògùn lè jẹ́ èyí tó ń jẹ ìfun wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń rù tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró sójú kan, kí dókítà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSUTH), ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó, tàbí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD), ronú nípa coeliac. Owó àyẹ̀wò yìí lè má tó ohun tí àwọn mìíràn ti ná lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ní kí ènìyàn di irin rẹ̀ mú kó tẹ gbogbo àìsàn ara jáde, tàbí lórí àyẹ̀wò IgG tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń to oúnjẹ rẹpẹtẹ jọ pé ara kò fẹ́ wọn. Kò sí èyí tó lè mọ coeliac nínú méjèèjì.

Bí àyẹ̀wò bá wá sọ pé coeliac ni ńkọ́? Bí ó bá ní láti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, Èkìtì wà lára ibi tó dára jù lórílẹ̀ ayé tó lè ti ṣẹlẹ̀ sí i. Òyìnbó tó ní in ń ra búrẹ́dì aláìní-gluten ní owó gọbọi. Tiwa ni iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, dòdò. Àmọ́ ewu wà nínú ohun kékeré. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́. Oníbàárà kan gbé àlìkámà dé, wọ́n dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun rẹ̀ bo aṣọ tí wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbé iṣu gbígbẹ wá. Èlùbọ́ tirẹ̀ ló máa gbá ìyókù àlìkámà náà dànù sínú igbá rẹ̀. Ìlànà àgbáyé ni pé oúnjẹ tí wọ́n bá pè ní aláìní-gluten kò gbọ́dọ̀ ní ju 20 mílígíráàmù rẹ̀ lọ nínú kílò kan; ìyókù ẹnu ẹ̀rọ lè kọjá èyí lọ dáadáa. Kí ẹni tó ní coeliac gún èlùbọ́ rẹ̀ nílé, tàbí kó bẹ ọlọ́ọlọ kó kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ. Àkàrà tí wọ́n dín nínú epo tí púfupúfù ti wọ̀ náà kò yẹ ẹ́. Póńdò inú ọ̀rá, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà kó tó rà á, nítorí wọ́n lè pò ó mọ́ ìyẹ̀fun mìíràn. Mọ́ọ̀tì, tí a máa ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, báálì sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí orúkọ àìsàn náà, bí a bá ti mọ̀ ọ́n dájú, ń gbé wá fún ẹbí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá nínú àwọn òbí, ọmọ ìyá àti ọmọ ẹni tó ní coeliac ni àwọn náà máa ń ní in, ọ̀pọ̀ wọn láìní ìkùn inú kankan. Ìyá tí àyẹ̀wò ọmọ rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ kó gbogbo àlìkámà kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú ìfẹ́ sí àwọn ọmọ tó kù. Kó jọ̀wọ́ dúró ná. Kí ó gba ti ọmọ tó ń ṣàìsàn, kí àwọn tó kù àti òun àti bàbá wọn ṣì máa jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ títí wọ́n yóò fi fa ẹ̀jẹ̀ wọn, kí àyẹ̀wò náà lè ráyè rí ohun tó ń wá.